Omi Tí Àbẹ̀ẹ́bí Kò Tọ́ Wò

Orúnkún ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ní àdúgbò Zongo ní Niamey, Àbẹ̀ẹ́bí kírun àsùbáà tán, ó sì múra sílẹ̀ de ìrora bó ṣe ń ṣe láràárọ̀. Ó fọwọ́ ti ògiri. Ó ti la ẹnu láti ké "Yéè" kó tó dìde rárá. Ó dìde. Ìrora kò wá. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí rẹ̀, bíi pé ó kàn pẹ́ lọ́nà ni.

Ẹ̀yin tí ara yín ṣì le lè fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ti ń dà láàmú láti ọdún gbọọrọ, tó wá jí tí kò gbúròó rẹ̀ mọ́, kì í kọ́kọ́ yọ̀. Ẹ̀rù ló máa ń bà á. Yóò máa bi ara rẹ̀ pé ta ló gbé ìrora òun lọ, kí ló sì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró de Mùsílíù, ọkọ rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń bá Àbẹ̀ẹ́bí jà, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí náà Mùsílíù ló ń gún un lábẹ́rẹ́ láràárọ̀. Láìpẹ́ yìí, abẹ́rẹ́ kan ti di méjì. Mùsílíù ní dókítà ló fi èkejì kún un.

"Àbẹ̀ẹ́bí, na apá."

"Ẹ rọra o, Bàbá Zuhrah."

"Mo ti ṣe ọ́ léṣe rí ni?"

"Rárá o."

Zuhrah ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, ó sì ti wà nílé ọkọ ní Kútọnu. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé, àwọn àti ìdì aṣọ tó kún yàrá kan títí dé àjà. Mùsílíù gún un tán, ó fi òwú nu ojú abẹ́rẹ́, ó sì gba ọjà lọ. Àbẹ̀ẹ́bí ká ẹsẹ̀, ó tún nà án. Orúnkún dákẹ́ pátápátá.

*

Ó ti rẹ obìnrin yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ìkà ló bí i.

Kò tíì bímọ nígbà tí Mùsílíù mú un kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Niamey. Ó ta aṣọ ní Ọjà Ńlá títí ó fi mọ èdè Zarma bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Mùsílíù ṣèlérí fún un pé bí irùngbọ̀n òun bá ti funfun, ilé yá. Irùngbọ̀n funfun. Mùsílíù ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, ó tún ní ó di òmíràn. Ilé kékeré tí wọ́n kọ́ sílé ń gbó lọ láìsí ẹni tó sùn nínú rẹ̀ rí. Àbẹ̀ẹ́bí ti mọ ibi tí yóò tẹ́ ẹní sí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn, tí yóò sùn lọ́sàn-án gangan, tí ẹnikẹ́ni kò ní jí i bi í pé èló ni ọ̀pá kan.

Ìgbà ìkẹyìn tí Mùsílíù dárúkọ ilé, inú ń bí Àbẹ̀ẹ́bí. Ó dáhùn pé, "Wọ́n ti ti ibodè Gaya tó wà lọ́nà ilé pa. Pẹ̀lú orúnkún mi yìí, ta ni yóò gbé mi kọjá odò?" Láti ìgbà náà, Mùsílíù kò sọ ọ́ mọ́. Àbẹ̀ẹ́bí náà kò béèrè mọ́. Tí ẹ bá kí i níbi ìsọ̀ rẹ̀, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Ó ti rẹ̀ mí, ẹ ṣá máa bá mi dúpẹ́."

Àfi bí Mùsílíù ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó fi aró dúdú kun irùngbọ̀n. Ó ń yára rìn. Àwọn aláṣọ ẹgbẹ́ wọn wá ń sọ fún Àbẹ̀ẹ́bí pé àwọn ń rí ọkọ rẹ̀ ní Katako, lọ́dọ̀ àwọn tó ń la pákó, tó ń wọn pákó, tó ń bá káfíńtà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kan ìsọ̀ tuntun.

"Kí lẹ ń ṣe ní Katako?" ló bi í.

"Nǹkan kan ni mò ń ṣe."

"Ìsọ̀ mìíràn ni, Bàbá Zuhrah? Ní ọjọ́ orí wa yìí?"

Mùsílíù rẹ́rìn-ín, ó wọ bàtà, ó tún jáde.

*

Ọ̀sán ọjọ́ tí iná ọba lọ ló rí ohun tó rí. Ó fẹ́ kó oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ kúrò nínú fíríìjì, kó lọ fi í sí ìdí àmù níbi tí ó tutù. Lẹ́yìn páálí oògùn náà, ó bá ọ̀rá dúdú kan tí wọ́n ta ní kókó. Ó tú u. Àwọn ìgò kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan kò ju ìka lọ, rọ́bà lẹ́nu, irin lórí rọ́bà. Ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan. Ọmọńlé kan sì kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá náà, ó gan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sí òkè.

"Àúsù bìllàhì," ni Àbẹ̀ẹ́bí wí.

Fíríìjì lè pa ọmọńlé, òun náà mọ̀. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó mú ìgò kan, ó fi gèlè wé e, ó wọ takisí lọ sí àdúgbò Poudrière.

Sùfíyánù ló ń lọ bá níbẹ̀. Ọmọ Alhaji Ìdrìsù olóògbé ni, Zongo ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, ó sì ní yàrá títútù kan tó ti ń ta ìpara àti oògùn ẹwà. Àbẹ̀ẹ́bí ti rí i rí pẹ̀lú Mùsílíù tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu ìsọ̀. Ó gbé ìgò kalẹ̀ níwájú rẹ̀ láìjókòó.

"Kí nìyí?"

Sùfíyánù kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. "Màmá, ibo lẹ ti rí i?"

"Mo ní kí nìyí."

"Pẹptíìdì ni wọ́n ń pè é." Ó ń wá ọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ má bínú, Yorùbá mi ò tó. Nínú ara wa, àwọn ohun kéékèèké kan wà bí ìránṣẹ́. Àwọn ló ń sọ fún ara pé, tún ibí ṣe, má sùn. Téèyàn bá ń dàgbà, àwọn ìránṣẹ́ yẹn á máa dín kù. Voilà. Wọ́n wá ṣe irú wọn ní laboratoire, wọ́n ń dá a padà sínú ara."

"Kí ó lè ṣe kí ni?"

"Kéèyàn má tètè gbó. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣe ìwádìí ẹ̀ ni o. Ara eku ni wọ́n ti dán an wò jù. Èmi ò búra fún ẹnikẹ́ni pé ó dájú."

"Àwọn eku ọ̀hún ńkọ́?"

"Wọ́n pẹ́ láyé díẹ̀ ju ẹgbẹ́ wọn lọ."

"Inú àgò ni wọ́n wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Inú àgò."

"Wọ́n wá pẹ́ sí i nínú àgò." Àbẹ̀ẹ́bí gbé ìgò rẹ̀. "Bàbá ló rà á lọ́wọ́ rẹ, àbí?"

Sùfíyánù wolẹ̀. "Bàbá ló rà á, Màmá. Ìyókù, ẹ bi wọ́n fúnra yín."

Àbẹ̀ẹ́bí kò bi ọkọ rẹ̀. Kí ló tún kù tí yóò bi í? Irùngbọ̀n dúdú, pákó Katako, oògùn àìgbó. Mùsílíù fẹ́ di ọ̀dọ́ kí ó lè dúró sí Niamey, kí ó kan ìsọ̀ tuntun, bóyá kí ó fẹ́ ọmọge sínú rẹ̀. Òun ńkọ́? Òun yóò máa wọn aṣọ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ òun lórí àpótí ìjókòó. Nínú takisí, ó sunkún díẹ̀, ó sì fi gèlè kan náà nu ojú.

*

Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kékeré kan ní Zongo ni Àlfáà Àbdùlsàlàm ń gbé. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kì í kí ara wọn lójú ọ̀nà. Àwọ̀ ewúrẹ́ ló jókòó lé, wàláà, pákó ìkọ̀wé rẹ̀, wà lórí itan rẹ̀, tàdáwà tó fi ń kọ̀wé wà nínú ṣágo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yàrá náà kò ní fèrèsé, ṣùgbọ́n ó tutù ju bó ṣe yẹ kí yàrá tí kò ní fèrèsé tutù lọ.

"Ìyá Zuhrah, kí lẹ fẹ́?"

"Ọkọ mi ń gba abẹ́rẹ́ kí ó lè di ọ̀dọ́. Mo fẹ́ kí ọjọ́ orí rẹ̀ padà bá a."

Àlfáà mú kálámù ìkọ̀wé rẹ̀. "Àwọn obìnrin máa ń wá síbí pé kí n dá ọkọ àwọn padà sí ọ̀dọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá pé kí n sọ ọ́ di arúgbó."

"Tó bá gbó, yóò gbà pé kí á lọ ilé. Ó ti rẹ̀ mí, Àlfáà. Mo fẹ́ lọ sinmi."

"Títí dìgbà wo ni kí ọjọ́ orí náà máa padà bá a?"

Àbẹ̀ẹ́bí kò ronú jìnnà. Ta ló ń ronú jìnnà nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́? "Títí tí yóò fi dé ilé. Ògbómọ̀ṣọ́."

Kálámù Àlfáà dúró lójú afẹ́fẹ́. "Ṣé bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn?"

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ kún wàláà, ó da omi sí i, ó fi ọwọ́ fọ tàdáwà náà wálẹ̀ sínú àwo, omi náà sì dúdú bí omi ìdí ìkòkò. Ó rọ ọ́ sínú ìgò. "Ìdajì ní àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí i pé ó tó, ẹ da ìyókù sílẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: ẹ má tọ́ ọ wò. Ohun tí ẹ bá tọ́ wò, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ pín in."

*

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ Àbẹ̀ẹ́bí dàgbà, ìyàwó kì í gbé omi fún ọkọ láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Ó ti tọ́ omi Mùsílíù wò láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Kò sí ọjọ́ tí ó fò. Kódà lọ́jọ́ tí wọ́n jà, tí wọn kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, yóò gbé omi wá, yóò tọ́ ọ wò, yóò sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó ṣe ń gbé e fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mùsílíù dé láti Katako, eruku pákó lórí fìlà rẹ̀. Àbẹ̀ẹ́bí ti po ìdajì hàǹtú náà, omi dúdú tí Àlfáà fún un, mọ́ omi àmù. Ó kúnlẹ̀. Ó gbé ife sẹ́nu, ó pa ètè dé gbọin-in, ó sì gbé ọ̀fun sókè sódò bí ẹni tó gbé e mì. Omi náà tutù lára ètè rẹ̀. Mùsílíù ń wò ó bó ṣe máa ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ó gba ife, ó mu ún láìsinmi.

"Ó ń rùn bí tàdáwà," ni Mùsílíù wí.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àmù ni."

"Ó dáa, o ṣeun." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀. Aró dúdú díẹ̀ yọ sí ọwọ́ rẹ̀.

Kí oṣù tó lé, Mùsílíù ti ń fa ẹsẹ̀. Ó ń gbàgbé orúkọ aṣọ. Bó bá jókòó, ó ń pẹ́ kó tó lè dìde, ó sì ń ké "Yéè" kó tó dìde, ohùn tí Àbẹ̀ẹ́bí mọ̀ dáadáa nítorí tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Àánú ṣe é. Ó mú ìgò tí ìdajì ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ó ní òun yóò dà á sílẹ̀. Ó sì ń lọ dà á sílẹ̀ lóòótọ́.

*

Ẹ wá wò ó, ọjọ́ yẹn náà ló tú irun rẹ̀ láti fọ̀ ọ́.

Ó rò pé ojú òun ló ń ṣe bàìbàì. Ó gbé dígí lọ sẹ́nu ọ̀nà, sínú oòrùn. Ìdí irun rẹ̀ ti dúdú. Orí gbogbo funfun bí òwú, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí irun ti ń hù, ó dúdú kirikiri. Àbẹ̀ẹ́bí da dígí náà dé, kò sì rántí da omi inú ìgò náà sílẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ohun tó ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀. Ó lọ sílé ìwẹ̀, ó sì rí nǹkan oṣù rẹ̀, èyí tó ti dágbére fún un kí Zuhrah tó lọ́kọ. Ó dúró nínú ilé ìwẹ̀ náà, ó ń wo ilẹ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ó fẹ́ ké pe ẹnì kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò ké pè? Kí ni yóò sọ?

Ó sá tọ Àlfáà lọ. Bó ṣe ń sáré ló mọ̀ pé òun ń sáré, pé ó ti pẹ́ gan-an tí òun ti sáré kẹ́yìn, àyà rẹ̀ sì já sí i.

Àlfáà kò jẹ́ kí ó jókòó sún mọ́ òun. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. "Ẹnì kan ń fà yín sẹ́yìn."

"Sẹ́yìn báwo?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára yín. Kò jìnnà. Nínú ilé yín ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń kàn yín lójoojúmọ́."

Ta ló wà nínú ilé? Ọwọ́ ta ló ń kàn án? Àbẹ̀ẹ́bí padà sílé pẹ̀lú ìbẹ̀rù tó fẹ́ fọ́ ọ lórí. Mùsílíù ti mọ̀ pé òun ṣe nǹkan sí i, ó sì ti ń gbẹ̀san. Ó ń fi òun ṣe nǹkan tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ fa òun sẹ́yìn títí òun yóò fi di ọmọdé, títí òun kò fi ní sí mọ́. Ó bá Mùsílíù lórí ẹní, ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Bó ṣe jí, Àbẹ̀ẹ́bí gbé omi wá. Ó da gbogbo ìyókù ìgò náà sínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ètè kan ife. Ó gbé ọ̀fun sókè sódò.

Mùsílíù wo ètè rẹ̀ pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó gba ife, ó sì mu ún tán.

*

Takisí ló gbé Mùsílíù wálé láti Katako. Ó ṣubú láàárín pákó. Káfíńtà àti awakọ̀ gbé e wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, aró irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ṣí, funfun ti bò ó láti ìdí. Ara rẹ̀ ti sún kì. Àbẹ̀ẹ́bí wò ó, kò mọ̀ bóyá àánú ló ń ṣe òun tàbí ẹ̀rù ló ń ba òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùsílíù gbìyànjú láti mú abẹ́rẹ́, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Àbẹ̀ẹ́bí fóònù Sùfíyánù. Sùfíyánù dé, ó ṣí fíríìjì bí ẹni tó mọ ilé. Ó kó páálí oògùn àtọ̀gbẹ jáde. Ó sì kó ọ̀rá dúdú jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ó fa omi sínú ìgò kékeré kan, ó mì ín jẹ́jẹ́, ó fà á sínú abẹ́rẹ́. Àbẹ̀ẹ́bí dúró, ó ń retí kí ó yí sí bẹ́ẹ̀dì.

Kò yí sí bẹ́ẹ̀dì. "Màmá," ló wí, "ẹ na apá."

Àbẹ̀ẹ́bí kò na apá.

"Ẹ gbà á, Màmá. Tiyín ni. Tiyín ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ní kí n má sọ."

Nígbà náà ni ó yí sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Zuhrah. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin ò gbà nínú rẹ̀ rí?"

"Kí ni èmi fẹ́ fi ṣe?" Ohùn Mùsílíù tín-ínrín. "Orúnkún tèmi ò dùn mí nígbà tí mo rà á. Ìwọ lo ní ta ni yóò gbé ọ kọjá odò."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Káfíńtà ni, òun àti ọmọlanke tó kún fún àpótí pákó tuntun, àwọn àpótí ńlá tí wọ́n fi irin dè ní igun, irú èyí tí àwọn ará ilé máa ń kó ẹrù wọn sí bí wọ́n bá ń lọ láìpadà. Ó gbé wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kún pálọ̀. Àbẹ̀ẹ́bí jókòó lórí ọ̀kan nínú wọn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti le bí ẹsẹ̀ ọmọge.

Àwọn ará wa kì í sọ ìrìn àjò ilé síta kí ẹrù tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀rù ayé ń bà wọ́n. Wọn kì í sọ ọ́ fún aládùúgbò, wọn kì í sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Mùsílíù kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Irùngbọ̀n ló kùn, kí ó lè dára lójú àwọn ẹbí. Kò sí oògùn kankan lára rẹ̀ tí hàǹtú ì bá bá jà. Ara arúgbó lásán ni Àbẹ̀ẹ́bí da ọjọ́ orí lé lórí.

*

"Ẹ tú u," ni Àbẹ̀ẹ́bí ké mọ́ Àlfáà. "Ẹ kọ òmíràn."

"Ohun tí èèyàn ti mu kì í padà sínú ìgò."

"Ẹ jọ̀ọ́! Mo tọrọ gáfárà. Mo ṣì í mú ni."

Àlfáà yí wàláà rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ó rẹ òun náà, ó hàn lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní títí tí yóò fi dé ilé. Ibẹ̀ náà ni yóò dúró. Ẹ tètè dé ilé."

*

Àbẹ̀ẹ́bí kò kó ohun kankan sínú àwọn àpótí náà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lé Sùfíyánù lọ́wọ́, ó gba ọ̀já tó fi pọn Zuhrah láti ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì pọn ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀. Àwọn ará Zongo dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n. Bí ó ti wúwo tó kò ju ìdì léèsì kan lọ.

Nínú ọkọ̀, Mùsílíù gbé orí lé èjìká rẹ̀. Eruku ọyẹ́ bo ọ̀nà, ọkọ̀ ń fò, oòrùn sì dà bí ẹni tí kò fẹ́ ràn.

"Àbẹ̀ẹ́bí."

"Mo wà níbí."

"O ò tọ́ ọ wò."

"Ẹ rí mi?"

"Mo rí i pé ètè rẹ ò là. Lẹ́ẹ̀mejèèjì."

"Ẹ wá mu ún? Kí ló dé tí ẹ mu ún?"

"Ìwọ lo gbé e fún mi," ni Mùsílíù wí, bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn tó yẹ kí ó ṣàlàyé. Oorun sì tún gbé e lọ.

Àbẹ̀ẹ́bí sunkún láti Dosso títí wọ́n fi dé Gaya. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ̀ kò lè kọjá ibodè. Àfi kí èèyàn sọ̀kalẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn lọ sídìí ọkọ̀ ojú omi. Àbẹ̀ẹ́bí tún pọn ọn. Ó mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀ pé ó ti fúyẹ́ ju bó ṣe wà ní Niamey lọ. Ó fún ọ̀já náà mọ́ra, ọ̀já ṣì ń tú, ó tún fún un. Obìnrin ará Hausa kan tó gbé adìyẹ lọ́wọ́ ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó káàánú rẹ̀.

"Bàbá rẹ ni?" ni obìnrin náà bi í.

"Ọkọ mi ni."

Obìnrin náà wo ojú Àbẹ̀ẹ́bí, ojú tó ń dán, tí kò ní ìhunjọ. Ó wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì yára sún lọ sí ẹ̀yìn àwọn èrò yòókù.

Odò wà níwájú, ó fẹ̀, eruku ò jẹ́ kí èèyàn rí òdì kejì. Lẹ́yìn odò, ó ku Malanville, ó ku Parakou, ó ku Kìṣí, ó ku gbogbo ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó rí òrùlé ilé kankan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohùn kan jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré débi pé ó ní láti dúró kí ó tó gbọ́ ọ.

"Àbẹ̀ẹ́bí, ṣé a ti délé?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá Zuhrah. Ẹ di mí mú dáadáa."

Ọwọ́ méjì tó kéré dì í lọ́rùn mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí iyanrìn náà. Orúnkún rẹ̀ kò dùn ún. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dùn ún, bó ti wù kó kéré tó, ṣùgbọ́n kò dùn ún rárá.